Kútẹ́ẹ̀sì Lára Ẹsẹ̀ Ọkọ̀

Ọkọ mi ló fi ẹnu ara ẹ̀ sọ fún ọlọ́pàá pé òun ló pa Baba Rọra. Ẹnikẹ́ni ò nà án, ẹnikẹ́ni ò halẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n mú un lọ sẹ́yìn ọkọ̀ ojú omi tó ṣe jàǹbá náà, wọ́n fi àmì pupa tó wà lára àwọn nọ́ọ̀tì hàn án, wọ́n bi í pé ṣé iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ nìyẹn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ló bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní, "Èmi ni mo pa á." Nígbà tí wọ́n ròyìn ẹ̀ fún mi, inú bí mi débi pé omijé kọ̀, kò jáde. Ọ̀ràn làwọn èèyàn ń sá fún, tèmi ń sáré lọ pàdé ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́, kí n má baà fi ìbínú da ọ̀rọ̀ rú. Baba Rọra ni bàbá arúgbó tó máa ń gba okùn ọkọ̀ mú ní èbúté. Bí ọkọ̀ bá ti ń bọ̀, á gbé ọwọ́ sókè, á máa sọ fún awakọ̀ pé, "Rọra, rọra," ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ. Òun àti ọkọ mi ló máa ń jẹun ọ̀sán pọ̀ nínú abọ́ kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọkọ̀ tí ọkọ mi tún ṣe ń bọ̀ wá gúnlẹ̀. Awakọ̀ fa ọwọ́ jíà sẹ́yìn kí ọkọ̀ lè dúró. Kàkà kó dúró, ṣe ló fò síwájú, ó sì há bàbá náà mọ́ kọnkéré èbúté. Kí wọ́n tó fi ọwọ́ ti ọkọ̀ kúrò, ó ti parí.

Ọkọ̀ àlòkù ni ọkọ̀ yẹn. Alága ló rà á. Alága ni gbogbo wa ń pè é nítorí òun ni olórí àwọn ọlọ́kọ̀ tó wà ní èbúté. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, inú ikùn ẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì máa ń wà, àmọ́ irin gígùn kan á wà lẹ́yìn ọkọ̀ níta, á sọ̀ kalẹ̀ wọ inú omi. Ìsàlẹ̀ irin yẹn ni pìròpẹ́là tó ń ti ọkọ̀ lọ wà, inú ẹ̀ náà sì ni jíà wà. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni ọkọ mi àtàwọn mẹkáníìkì ẹgbẹ́ ẹ̀ ń pè é. Okùn irin tó lọ láti ọwọ́ jíà títí dé ẹsẹ̀, kébù nìyẹn. Bí kébù ò bá ṣe déédéé pẹ̀lú ẹsẹ̀, awakọ̀ á ní kí ọkọ̀ dúró, ọkọ̀ á ní òun ò gbọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ àmì. Gbogbo nọ́ọ̀tì tí ọkọ mi bá fún dáadáa ló máa ń fa ìlà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ lé lórí, láti orí nọ́ọ̀tì bọ́ sí ara irin. Bí nọ́ọ̀tì bá yí díẹ̀ báyìí, ìlà á ṣẹ́, ojú á sì rí i. Àwọn awakọ̀ èbúté ti mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Láràárọ̀, kí wọ́n tó gbé èrò, wọ́n á lọ yẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ wò. Bí ìlà ọkọ mi bá pé, wọ́n á lọ. Bí kò bá pé, ẹni tó bá lè bẹ̀ wọ́n kó bẹ̀ wọ́n. Kútẹ́ẹ̀sì tí mo fi ń kun èékánná mi ló sì fi ń fa ìlà ọ̀hún. Kì í ra tiẹ̀. Tèmi ló máa ń jí. Bí ẹ bá gbọ́ èébú tí mo ti bú u lórí kútẹ́ẹ̀sì, ẹ ó ní kò sí ìfẹ́ láàárín wa.

Obìnrin ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ kan ni wọ́n gbé ẹjọ́ náà fún. Máfọwọ́kàn-án ni àwọn ọmọ abẹ́ ẹ̀ ń pè é lẹ́yìn, nítorí ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu ẹ̀ níbikíbi tó bá dé nìyẹn. Òun náà á ká ọwọ́ sẹ́yìn, á máa rìn bí ẹni tó ń wo ọjà tí kò fẹ́ rà. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mi ò fẹ́ràn ẹ̀ rárá. Ọkọ mi wà látìmọ́lé, wọ́n fẹ́ gbé e lọ ilé ẹjọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, obìnrin yìí wá ń béèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé mo ti jẹun.

Mo ní ṣé oúnjẹ ni mo wá jẹ ní àgọ́ ọlọ́pàá ni. Kò bínú. Ó ní kí n tẹ̀ lé òun lọ bá ọkọ mi, bóyá tó bá rí mi á sọ̀rọ̀, nítorí látìgbà tó ti ní òun lòun pa bàbá náà, kò tún la ẹnu mọ́.

Ó kọjú sí ògiri nígbà tí a wọlé.  Obìnrin náà ò béèrè ọ̀rọ̀ ikú lọ́wọ́ ẹ̀ o. Ó kàn bi í pé ọkọ̀ àlòkù tí nọ́ḿbà ti ṣí kúrò lára ẹsẹ̀ ẹ̀, báwo ló ṣe mọ irú ẹsẹ̀ tó jẹ́, tó fi mọ bí wọ́n ṣe ń to jíà ẹ̀. Mo rí i tí èjìká ọkọ mi gbéra. Iṣẹ́ ni nǹkan kan ṣoṣo tó lè jí ọkùnrin yẹn lójú oorun.

"Ojú ibi tí ọ́ìlì ń gbà jáde ni mo wò," ó ní. "Àwọn ẹsẹ̀ yẹn jọra bí ìbejì. Ara irin kan náà làwọn méjèèjì sì lè dè mọ́. Àmọ́ èyí tó wọ́pọ̀, gìgísẹ̀ ẹ̀ nísàlẹ̀ ni nọ́ọ̀tì ọ́ìlì máa ń wà. Mo wá a níbẹ̀, mi ò rí i. Mo tú pìròpẹ́là kúrò, ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo ti bá a. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ojúlówó ni. Mo tiẹ̀ sọ fún Alága pé ẹsẹ̀ yìí níyì ju ọkọ̀ tó gbé e lọ."

"Ṣé ó ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tí ẹ to jíà ẹ̀ tán?"

"A dán an wò nínú omi. Baba Rọra ló di okùn mú fún mi." "Ó ní jíà yẹn ń wọlé bí ọwọ́ tó ń wọ àpò."

Mo bi í pé bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló wá dé tó ń pe ara ẹ̀ ní apààyàn. Ó ní àmì òun ló wà níbẹ̀. Bí àmì bá jẹ́ tòun, tí jíà sì kọ̀, ta ló kù? Ó tún kọjú sí ògiri. Ṣe ni mo bú u. Mo bú u débi pé ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu ọ̀nà wọlé wá wò mí. Mo ní ta ló rán an níṣẹ́ kó wá máa gbé òkú tí kì í ṣe tiẹ̀. Nígbà tí a jáde, obìnrin náà ní ọkùnrin tó bá fẹ́ parọ́ kì í sọ pé òun jẹ̀bi. Mo ní ìyẹn ò ní kí wọ́n má jù ú sẹ́wọ̀n.

Awakọ̀ la lọ bá, ní yàrá kékeré tí wọ́n ti ń já tíkẹ́ẹ̀tì ní èbúté. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, awakọ̀ yìí ni mo ti dá lẹ́bi lọ́kàn mi. Ojú ẹ̀ pupa, ó sì gbé fúláàsì kan dání tó ń mu díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀. Mo sọ ọ́ sí obìnrin náà létí pé ọtí ló pa Baba Rọra, kó gba fúláàsì yẹn kó gbóòórùn ẹ̀. Ó gbà á lóòótọ́. Tíì ni, kò tilẹ̀ ní ṣúgà. Ojú tì mí, àmọ́ inú ṣì ń bí mi, ẹni tí mo fẹ́ bínú sí ti já mọ́ mi lọ́wọ́ nìyẹn. Ẹkún ló pọ́n ojú ọkùnrin náà.

Ó ní nígbà tí ọkọ mi kọ́kọ́ tún ọkọ̀ náà ṣe, jíà ò yọ òun lẹ́nu rárá. Ìgbà tó dé láti ibi tí wọ́n ti lọ kùn ún ni jíà bẹ̀rẹ̀ sí í kérora. Á wọlé, àmọ́ bóun bá ní kó jáde, á lọ́ra.

Máfọwọ́kàn-án dúró. "Ibo ni wọ́n ti kùn ún?"

"Àgbàlá Alága. Ó ní òun fẹ́ fa ìlà pupa sí gbogbo ọkọ̀ òun lára, kí wọ́n lè jọ ti ẹnì kan. Mo sọ ọ̀rọ̀ jíà fún un. Ó ní ọkọ̀ àgbà ò lè ṣe kó má kérora, pé ṣé bàbá mi kì í kérora ni."

"Kí ló dé tí ẹ fi ń gbé e jáde?"

Awakọ̀ wò mí kó tó dáhùn. Ó ní láràárọ̀ lòun ń yẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ wò, àmì ọkọ mi pé, kò sí èyí tó ṣẹ́. Bí kò bá pé ni, òun ò ní wọ inú ọkọ̀ yẹn bí wọ́n bá tiẹ̀ fi ìbọn lé òun.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju gbogbo ẹ̀ lọ. Gbogbo ọ̀nà tá a bá gbà, àmì ọkọ mi la máa ń bá lẹ́nu ọ̀nà.

Wọ́n ti wọ́ ọkọ̀ náà wá sí ẹ̀yìn àgọ́ ọlọ́pàá, ó dúró lórí tírélà irin tí wọ́n fi ń fa ọkọ̀. Mẹkáníìkì àwọn ọlọ́pàá wà níbẹ̀, ó ti kọ ìwé ẹ̀ tán, ó ní kébù ò bá ẹsẹ̀ mu, pé ẹni tó tò ó ni kó lọ jẹ́jọ́. Máfọwọ́kàn-án bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, ó wo àwọn nọ́ọ̀tì tó de ẹsẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀, ìlà pupa wà lórí gbogbo wọn. Ó gùn wọ inú ọkọ̀, ó ṣí ibi ẹ́ńjìnnì, ó wo nọ́ọ̀tì kébù. Ìlà pupa wà níbẹ̀ náà. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ní, "Ìyàwó, kí ni ọkọ ẹ fi ń fa ìlà yìí gan-an?"

"Kútẹ́ẹ̀sì mi ni. Olè ni."

Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i tó tú ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn. Ó ní ọ̀dà ni wọ́n kọ sínú ìwé. Mo ní ẹnikẹ́ni ò bi mí, ọkọ mi tí wọ́n sì bi, ó ti gbà pé òun ni kí wọ́n máa gbé lọ. Ó wá béèrè bóyá omi tí mo fi ń nu kútẹ́ẹ̀sì kúrò lọ́wọ́ wà nítòsí. Ó wà nínú báàgì mi. Obìnrin wo ni kì í wà nínú báàgì ẹ̀?

Ó ní kí mẹkáníìkì ya fọ́tò gbogbo ìlà náà kó tó ṣe ohunkóhun. Ó wá fi omi náà rin òwú, ó gun inú ọkọ̀, ó nu ìdajì ìlà tó wà lára nọ́ọ̀tì kébù. Lójú ẹsẹ̀ ni ìlà yẹn yọ́, òwú pọ́n, òórùn ẹ̀ tí mo mọ̀ bí orúkọ mi gba afẹ́fẹ́. Ó mú òwú mìíràn, ó sọ̀ kalẹ̀, ó nu ìlà tó wà lẹ́yìn lára ẹsẹ̀. Ó nù ún, ó nù ún. Ìlà yẹn kàn ń dán sí i ni. Mẹkáníìkì gba òwú lọ́wọ́ ẹ̀, òun náà fi agbára nù ún, asán. Kò sí kútẹ́ẹ̀sì tó ń ṣe báyẹn.

 Obìnrin náà fi ìka tọ́ka sí ìlà gbọọrọ pupa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó tún tọ́ka sí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lórí nọ́ọ̀tì. Pupa kan náà ni. Ọ̀dà ọkọ̀ ni.

"Ọkọ ẹ to kébù, ibẹ̀ ni àmì ẹ̀ wà," ó ní. "Kò de ẹsẹ̀ yìí. Ẹlòmíì ló dè é, ó wá ya àmì ọkọ ẹ sí i lára kí awakọ̀ má baà kọ̀. Kébù tí wọ́n tò fún ẹsẹ̀ kan ni wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ mìíràn. Ẹ wo gìgísẹ̀ ẹ̀."

Mo wò ó. Nọ́ọ̀tì ọ́ìlì wà níbẹ̀ gbangba nísàlẹ̀, níbi tí ọkọ mi ní òun wá a tí kò sí. Mo ní kí a máa lọ sílé Alága nísinsìnyí, kí n lọ fa irùngbọ̀n ẹ̀ tu. Ó ní màá bá òun lọ, àmọ́ bí mo bá la ẹnu mi, màá padà sínú mọ́tò. Mo ṣèlérí.

Alága jókòó sábẹ́ ìbòòji nínú àgbàlá ẹ̀, bàtà funfun wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Ó dìde fún wa, ó kí mi kú àjálù, ó ní Ọlọ́run á tù wá nínú, pé èèyàn dáadáa ni ọkọ mi, àṣìṣe ò sì sí ẹni tí kì í ṣe é. Ẹni tá a ní kó kín wa lẹ́yìn ló fi ẹ̀gún sọ́wọ́, ó tún ń béèrè bóyá ó ń dùn wá. Mo gé ètè mi jẹ.

Ọkọ̀ kékeré kan wà lábẹ́ tàpólì ní igun àgbàlá, èyí tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ fi ń ṣe fàájì. Máfọwọ́kàn-án yin ọkọ̀ náà. Ó ní ẹsẹ̀ ẹ̀ mà lẹ́wà o, ìgbà wo ló ti wà níbẹ̀? Alága ní láti ọjọ́ tóun ti ra ọkọ̀ ni. Obìnrin náà ní ó hàn pé wọ́n ń tọ́jú ẹ̀, ta ló ń pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ̀?

"Èmi fúnra mi ni. Mi ò kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkan mi."

"Ibo ni ẹ ti máa ń tú u jáde?"

Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi bàtà funfun tọ́ka sí nọ́ọ̀tì kan nísàlẹ̀ gìgísẹ̀. "Níbẹ̀ yẹn."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u ká rí bí ọ́ìlì ẹ̀ ṣe mọ́ tó."

Alága fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Ó ní kò sí sípánà. Mẹkáníìkì àwọn ọlọ́pàá tó bá wa wá na tiẹ̀ sí i. Alága ò lè kọ̀ mọ́, ó bẹ̀rẹ̀, ó tú nọ́ọ̀tì yẹn. Ọ́ìlì ò kán. Awẹ́ irin pẹlẹbẹ kan tí nọ́ọ̀tì náà dì mú ló já bọ́ sí i lórí bàtà. Nǹkan tí nọ́ọ̀tì yẹn wà fún kò ju ìyẹn lọ.

Obìnrin náà ní kí wọ́n tú pìròpẹ́là. Nígbà tó kúrò, nọ́ọ̀tì ọ́ìlì wà lẹ́yìn ẹ̀, bí ọkọ mi ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ìlà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà lórí ẹ̀. Alága ti nu gbogbo àmì tó wà níta kúrò, àmọ́ ẹni tí kò mọ ibi tí ọ́ìlì ń gbà jáde, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ pé àmì kan ṣì wà níbẹ̀? Wọ́n ya fọ́tò ẹ̀. Máfọwọ́kàn-án fi òwú kan ìdajì ìlà náà. Ó yọ́.

"Ọkọ̀ mi ni méjèèjì," Alága ní. "Ẹsẹ̀ mi ni méjèèjì. Ta ni mo jà lólè?"

"Ẹ ò jí ẹsẹ̀ kankan, sà. Àmì ẹlòmíì lẹ yà."

"Ìlà lásán ni. Bí mi ò bá fà á, awakọ̀ yẹn ò ní gbé ọkọ̀ jáde."

 Òun fúnra ẹ̀ gbọ́ ohun tó sọ. Ìlérí mi parí níbẹ̀. Mo bọ́ síwájú ẹ̀, mo ní, "O mọ̀ pé kò ní gbé e jáde, o wá fi ọwọ́ ọkọ mi gbé e jáde." Mo fẹ́ sọ púpọ̀ sí i. Mo ti ń to èébú jọ láti àárọ̀, èébú ìdílé bàbá ẹ̀ àti ti ìdílé ìyá ẹ̀. Àmọ́ gbólóhùn kan yẹn náà ni mo tún sọ. Máfọwọ́kàn-án ò dá mi padà sínú mọ́tò. Ó ní kí wọ́n mú Alága.

Ọkọ mi ṣì kọjú sí ògiri nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn. Mo ní kó dìde, pé wọ́n ti mú ẹni tó ṣe é, pé Alága ti yọ ẹsẹ̀ tó tò kúrò, ó gbé e sára ọkọ̀ fàájì ẹ̀, ó sì fi ògbólógbòó ẹsẹ̀ ọkọ̀ fàájì yẹn dípò. Kò mira. Mo rò pé kò gbà mí gbọ́. Mo gbé òwú tí mo ti bẹ obìnrin náà fún sí i nímú.

Ó gbóòórùn ẹ̀. Ó yí ojú padà díẹ̀díẹ̀. "Ibo lẹ ti rí i?"

"Ẹ̀yìn pìròpẹ́là ọkọ̀ Alága."

"Ṣé ìlà yẹn ò ṣẹ́?"

"Kò ṣẹ́."

Ó gba òwú náà lọ́wọ́ mi, ó dì í mú. Ó ní, "Kì í ṣe èmi." Ó tún un sọ, ó rọra sọ ọ́, bí ẹni pé ẹlòmíì ló ń sọ ọ́ fún. Inú ṣì ń bí mi, mo ti ń palẹ̀mọ́ láti béèrè bóyá ó ti wá rí i báyìí pé ọ̀dẹ̀ lòun, nígbà tó wò mí.

"Ṣé wọ́n ti sin ín?"

Mo ní wọ́n ti sin ín. Mo ní àwọn awakọ̀ èbúté ló gbé e, wọ́n sì rọra gbé e.

Látìgbà tí bàbá yẹn ti kú, omi ò tíì jáde lójú ọkọ mi. Mo ti rò pé ọkàn ẹ̀ ló ti gbẹ. Àṣé ó rò pé ẹni tó pa èèyàn ò lẹ́tọ̀ọ́ láti sunkún ẹ̀ ni. Ó fi orí lé orúnkún, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún ọ̀rẹ́ ẹ̀, tariwotariwo, títí àwọn ọlọ́pàá fi jáde fún wa. Mo jókòó tì í sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mi ò ní kó dákẹ́.